Ìyàwó Pupa Inú Fóònù

Ẹ jẹ́ kí a júbà fún ìka kan ṣoṣo tó ń pọ́n ojú ènìyàn di pupa nínú fóònù. Kì í ṣe ọba, kì í ṣe oníṣègùn, síbẹ̀ ohun tí ìpara ò lè ṣe láti ọdún dé ọdún, ìka yìí ń ṣe é kí omi tó hó. Ó kan gíláàsì lẹ́ẹ̀kan, irorẹ́ wábi gbà. Ó tún kàn án, àpá tí ènìyàn ti ń gbé kiri láti kékeré pòórá. Ó fà á sápá ọ̀tún, dúdú di pupa, imú tí bàbá ńlá ẹni fi sílẹ̀ lógún sì di tẹ́ẹ́rẹ́. Kò gba ẹ̀bẹ̀, kò gba ìpèsè, kò sì bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Àwọn àgbà ní ẹwà a máa ṣá. Wọn ò tíì rí fóònù ni.

Ní Abidjan, àwa tí òbí wa ti Ìgbòho, Ṣakí àti Ìsẹ́yìn wá mọ agbára ìka yìí ju ẹlòmíràn lọ, nítorí láàárín wa, fọ́tò ìyàwó ló máa ń ṣáájú ìyàwó dé ilé ọkọ. Ọkùnrin tó ń ṣòwò níbí kò ráyè mú ọmọbìnrin lọ sílé lọ hàn kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà fọ́tò ni yóò fi ránṣẹ́. Fọ́tò yẹn ló máa kí bàbá àgbà. Òun ló máa jókòó láàárín àwọn ìyá ilé, tí wọ́n á máa wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni ń wo àgbò iléyá. Nígbà tí ènìyàn gan-an bá fi máa dé, fọ́tò ti di aya ilé, àlejò ni ẹni tó ni ojú.

Àbúrò mi kan wà, ọmọ àbúrò ìyá mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé ní Abobo, apá kan Abidjan. Ó rí ọkọ, ọmọ Ìgbòho, tó ń ta ìbòrí fóònù nínú ọjà Abobo. Àbúrò mi dúdú. Dúdú tó ń dán ni, irú èyí tí omi òjò máa ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù tí ọkọ rẹ̀ fi yà á kò mọ dúdú. Ọjọ́ tí wọ́n ti rà á ni ohun tó ń pọ́n ojú ti wà ní ṣíṣí nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pa á. Bí fọ́tò ṣe dé Ìgbòho nìyẹn, pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tó pọ́n fòò bí àgbálùmọ̀. Ìyá ọkọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní kí wọ́n tẹ fọ́tò náà ní ńlá, ó gbé e kọ́ sí yàrá àlejò, ó sì sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ti rí obìnrin pupa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò mi pè mí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé! Ìyá ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.”

“Ìyá ta?”

“Ìyá tó gbé fọ́tò mi kọ́! Obìnrin pupa ni wọ́n ń bọ̀ wá rí. Èmi dà? Pupa dà?”

“Ọkọ rẹ ńkọ́?”

“Ó ní òun ò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín èmi àti fọ́tò.”

“Ọkọ rere nìyẹn.”

“Ojú ló ń dùn ún, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má yìn ín.”

Èmi ló pè, nítorí nínú ẹbí wa, ẹni tó bá ti dé yunifásítì ni wọ́n ń bi ní ohun gbogbo, ìbáà jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ẹ̀rọ tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kà. N kì í sì í rán wọn létí.

Kí n tó dé Abobo, ó ti ra ìpara kan lọ́jà. Ìkòkò oníke ni, kò sí lẹ́tà kankan lára rẹ̀. Obìnrin tó tà á fún un ní kó máa fi para láàárọ̀ lálẹ́, pé kó tó di ọjọ́ Àìkú, ìyá tó bí i gan-an á bi í léèrè orúkọ.

“Ta ló pò ó?” mo bi í.

“Obìnrin náà fúnra rẹ̀.”

“Kí ló wà nínú rẹ̀?”

“Ó ní àṣírí ni.”

“Àṣírí wo ló ń rùn bí omi tí wọ́n fi ń fọ ṣálángá?”

Mo ní kó fi bín-ín-tín kan inú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, kí a sì dúró di ọ̀la. Ọgbọ́n kan ṣoṣo tí mo ní nípa ìpara nìyẹn, ìyá mi ló sì kọ́ mi: ohun tí o ò bá mọ̀ rí, ibi tí ojú ayé ò tó ni kí o ti kọ́kọ́ dán an wò. Ó kùn, ó ní mo ń fi àkókò ṣòfò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ti wú, ó ń yún un, ó ń ta á. Obìnrin ọjà yẹn ò purọ́. Ó pọ́n lóòótọ́, bí ojú ọgbẹ́ ṣe ń pọ́n. A da ìyókù sínú kòtò ìdọ̀tí. Bóyá àwọn aáyán ibẹ̀ ti pupa báyìí, tí wọ́n ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sílé.

Ó wá ku àtíkè olómi, èyí tí wọ́n ń pè ní fond de teint níbí, tí wọ́n fi ń tẹ́ ojú kí ohun ìṣaralóge yòókù tó gorí rẹ̀. A wọ ọkọ̀ lọ sí Marcory, sí ilé ìtajà kan tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ tutù bí ẹni pé òkú ni wọ́n ń tà. Ọmọbìnrin tó gbà wá wọ aṣọ funfun bíi dókítà, ohùn dókítà ló sì fi ń sọ̀rọ̀. Ó bi wá ní Faransé pé kí ni ìṣòro awọ ara wa.

“Ìyá ọkọ ni,” àbúrò mi dá a lóhùn.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n ní ohun tó wà fún ìyẹn.

Ó to ìgò sílẹ̀ níwájú wa. Mo ń ka orúkọ àwọ̀ wọn: oyin, fàńílà, kàrámẹ́ẹ̀lì, ẹ̀pà díndín. Ó wá kan irú àwọ̀ tiwa, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ igi. Bí ènìyàn bá pupa, oúnjẹ ni. Bí ó bá dúdú, pákó ni.

“Èyí ló bá a mu,” mo ní, mo mú ìgò onígi náà.

“Tantie, kò sẹ́ni tó ń ra ìyẹn,” ọmọbìnrin náà ní; àǹtí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbí. “Àwọn tó ti sọ ìrètí nù là ń tà á fún.”

Ó gbá ọwọ́ àbúrò mi mú, ó fẹ́ fi oyin kùn ún lẹ́yìn ọwọ́. Mo ní ẹ̀yìn ọwọ́ kọ́ ni ìyá ọkọ ń bọ̀ wá wò, ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n ni kó fi í sí, níbi tí ojú àti ọrùn ti pàdé, kí a lè mọ̀ bóyá ẹnì kan náà ló ni méjèèjì.

“Tantie, mo kọ́ṣẹ́ o.”

“Èmi náà kọ́ṣẹ́,” mo ní. N ò sọ irú iṣẹ́ tí mo kọ́.

Inú bí i, ó fi oyin kun odidi ìdajì ojú àbúrò mi láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Nínú dígí wọn, ó dára. Èmi gan-an jẹ́wọ́ pé ó dára. Ṣùgbọ́n iná ilé ìtajà yẹn, bí ó bá tàn sí ẹja gbígbẹ, ẹja náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo fa àbúrò mi lọ́wọ́ jáde sínú oòrùn. Ojú rẹ̀ dà bí ògiri tí ọ̀dà tán mọ́ ẹni tó ń kùn ún lọ́wọ́. Awakọ̀ takisí kan dẹsẹ̀ dúró, ó yọrí láti ojú fèrèsé.

“Ìyàwó! Ìdajì kan ti dé o! Èkejì ṣì wà lọ́nà ni?”

Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ni omijé bá bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fa ìlà dúdú gba àárín oyin náà kọjá.

Mo padà wọlé, mo ní kí ọmọbìnrin náà fún wa ní díẹ̀díẹ̀ nínú méjèèjì ká lọ fi dán wò nílé kí a tó rà. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó yá mi ní ọkọ rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ó bù ú fún wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wo àbúrò mi níwájú dígí. Oyin tí wọ́n bù fún wa wà lápá kan dígí, igi wà lápá kejì. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú mi, ọ̀rọ̀ gígùn nípa àwọn òyìnbó tó jọba lé wa lórí àti ohun tí wọ́n ṣe sí ojú tí a fi ń wo ara wa. Mo ti ń wẹ ọ̀fun mọ́.

“Tí wọ́n bá kọ̀ mí ńkọ́?” ó bi mí.

Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, a sì mọ̀ pé ọkùnrin náà ò ní gbé ìyàwó tí ìyá rẹ̀ ò bá fọwọ́ sí. Ó ti ìka bọ inú oyin, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wò ó títí. Ó wá fi aṣọ nù ún kúrò.

“Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá pupa wọlé wọn lónìí, mo ní láti máa pupa jí lójoojúmọ́. Ìgbà wo ni mo fẹ́ máa wá jí?”

Ó fi èyí tó bá a mu tẹ́ ojú, ó lé tìróò, ó jáde. Ọ̀rọ̀ tí mo tò sílẹ̀ ṣì wà nínú mi, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

Ìyá dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Obìnrin kúkurú ni, ó dúdú ju àbúrò mi lọ. Àbúrò mi kúnlẹ̀ kí i. Ìyá dá a lóhùn dáadáa, ó sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, sí ẹnu ọ̀nà yàrá.

“Ìyàwó mi dà?”

Àbúrò mi gbójú sókè.

“Èmi nìyí, Mà.”

“Ìwọ kọ́. Èyí tó wà lára ògiri mi pupa.”

“Fóònù ló pọ́n mi, Mà.”

“Fóònù ta?”

“Ti ọmọ yín.”

Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ń wo ilẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀. Ìyá tẹ̀ síwájú, ó gbá àbúrò mi ní àgbọ̀n mú, ó fi àtàǹpàkò ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ gidigidi, ó sì gbé àtàǹpàkò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ láti wò bóyá àwọ̀ mìíràn wà lára rẹ̀.

“Àwọ̀ rẹ nìyí?”

“Òun ni, Mà.”

“Alhamdulillahi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi nílé, àtíkè rẹ̀ ló máa ń kí mi kí òun fúnra rẹ̀ tó jí. Mo ti ń rò ó lọ́nà pé, ṣé irú rẹ̀ kejì ni mò ń lọ gbà yìí? Dìde, ọmọ mi.” Ó wá dojú kọ ọmọ rẹ̀. “Ìwọ! O mọ̀ pé fóònù rẹ ń pọ́n ènìyàn, o sì fi tèmi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀! Gbogbo fọ́tò mi tí o ní, mo dúdú bí ìdí ìkòkò.”

“Màmá, ẹ má bínú.”

“Gbé e jáde! Pọ́n mi, kí àwọn ará ilé mọ̀ pé Abidjan gbà mí!”

A tò láti ya fọ́tò, lẹ́yìn tí ọmọkùnrin náà ti pa ohun tó ń pọ́n ojú nínú fóònù rẹ̀. Ọmọkùnrin náà fi ìka pọ́n ìyá rẹ̀ títí inú Ìyá fi dùn. Ó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí. Ó wá bi mí bóyá kí òun tún tèmi ṣe. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Mo sọ ọ́ sókè, kí gbogbo ilé lè gbọ́.

Ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi. Nínú gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé mi lọ sílé, mo ṣí i, mo wo abẹ́ ojú mi, mo wo ọrùn mi. Mo fi ìka fà á sápá ọ̀tún díẹ̀. Mo tún fà á sí i. Kí n tó sọ̀kalẹ̀, mo ti fi í ránṣẹ́ sí àwọn tí a jọ ka ìwé ní yunifásítì.

Èmi náà ṣe é.