Okùn Fìlà Jamsran

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, Handsuren, mọ fìlà rán ju gbogbo obìnrin àfonífojì wa lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù: èèwọ̀ fìlà. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ré fìlà ọkùnrin kọjá, orí olórí ló fi ṣeré yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òtútù, Jamsran ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ lọ wá àwọn ẹṣin rẹ̀ tó ṣìnà. Ìyàwó ń rán okùn tuntun, èyí tí wọ́n ń so sábẹ́ àgbọ̀n, mọ́ fìlà onírun kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rẹ̀. Tíì ru bo iná. Ó fi fìlà sílẹ̀ lórí ẹní, ó fò dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ré e kọjá.

Mo rí i. Ó dì mí lọ́wọ́ mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹ̀gbọ́n yín o."

Ó da ewé olóòórùn síná, ó ń fi èéfín rẹ̀ wẹ fìlà kí èèwọ̀ náà má bàa jà. Ẹ̀gbọ́n mi kígbe látorí ẹṣin.

"Handsuren! Ṣé ò ń se fìlà ọ̀hún ni?"

"Ó ti jinná, ẹ wá gbé e!" Ẹ̀gbọ́n mi gbà á, ó dé e, ó sì lọ.

Kó tó di ọ̀sán, ìjì yìnyín dé. A ò rí ọgbà àgùntàn tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa mọ́. Igi àgọ́ ń ké. Ìyàwó ń gbá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lẹ́ṣẹ̀ẹ́. "Ẹsẹ̀ yìí ló pa á. Ẹsẹ̀ yìí náà ni."

"Pa ẹnu ẹ mọ́! Ta ló kú?" Mo jágbe mọ́ ọn, nítorí ohun tó ń sọ ni èmi náà ń rò.

Nígbà tó yá, a gbọ́ ẹṣin lẹ́nu ọ̀nà. Jamsran dojú bo ọrùn ẹṣin náà. Kò sí fìlà. Ọ̀já ìbàdí rẹ̀ ló wé mórí, aṣọ òtútù rẹ̀ sì là sílẹ̀ gbayawu, yìnyín kún àyà rẹ̀. Òtútù ti pa etí ọ̀tún rẹ̀, ó funfun bí ọ̀rá àgùntàn.

Ìyàwó kúnlẹ̀. "Ẹ dárí jì mí. Mo fẹsẹ̀ ré fìlà yín kọjá."

Eyín ẹ̀gbọ́n mi ń gbá ara wọn. "Ẹsẹ̀ kẹ̀? Okùn ló já. Afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan péré, ó lọ."

Àwa méjèèjì wo ẹní. Abẹ́rẹ́ ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú òwú tí ìyàwó ì bá fi parí iṣẹ́. Ó ti rán apá kan okùn náà tán. Apá kejì, ojú rírán kan ṣoṣo ló dì í mú. Èèwọ̀ la sá fún tí a fi gbàgbé iṣẹ́.

Etí náà dúdú, ó sì já bọ́ kí ìgbà ìrúwé tó dé. Láti ìgbà náà, Handsuren kì í fi fìlà kankan sílẹ̀ láìfi eyín fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Láràárọ̀, Jamsran á tẹríba kí ìyàwó lè bá a so tirẹ̀. Ọwọ́ ìyàwó á kan ibi tí etí wà tẹ́lẹ̀, á sì tún fa okùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i.