Wọ́ṣà Ọwọ́ Òsì

Ní ìgbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ lọ, ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì bàbá mi ni mo máa ń yà sí bí a bá ti jáde ilé ìwé. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ṣakí ló wà, ní Ìsẹ́yìn wa níbí, lábẹ́ igi emi kan. Ojú máa ń tì mí púpọ̀. Bí àlejò bá kí mi, ẹ̀yìn táyà ni mo máa ń sá sí. Bàbá mi kì í lé mi ṣá. Ó ní ọwọ́ mi kì í já nǹkan bọ́.

Lọ́dún kan, nígbà ọyẹ́, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ wá láti Ìgànná. Ẹ lè má tíì rí irú rẹ̀ rí: ọkọ̀ kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto bí igbá, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ ń ké. Bàbá mi ní òun yóò tú u palẹ̀, òun yóò sì tún un tò. Mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì títì gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ọ̀rẹ́ mi, ìjàpá tí ẹ gbé wọlé yẹn, orí tírélà ni yóò gbà jáde o!”

“Ẹ ṣáà máa wò ó,” ni bàbá mi fi dá a lóhùn.

Tíṣà ní bí kò bá ti ṣeé wà lọ́jọ́ Jímọ̀, òun yóò fà á lọ sí Ìbàdàn. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ta ni yóò tún gbé ọkọ̀ wá fún mẹkáníìkì tí wọ́n fa iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀?

Nínú gíábọ́ọ̀sì náà ni ohun tí wọ́n ń pè ní dífù wà. Òun ló ń pín agbára fún táyà méjèèjì, kí ọ̀kan lè yí ju èkejì lọ bí ọkọ̀ bá ń yà. Wọ́ṣà kan, òrùka irin pẹlẹbẹ, wà lápá òsì rẹ̀, ọ̀kan wà lápá ọ̀tún. Ọ̀kan fi díẹ̀ nípọn ju èkejì, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Nítorí eruku ọyẹ́, bàbá mi fi bẹntiróòlù fọ̀ wọ́n, ó fi tòsì sí mi lọ́wọ́ òsì, ó fi tọ̀tún sí mi lọ́wọ́ ọ̀tún.

“Má jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ o.”

Mo dì wọ́n mú bí ẹyin. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ sẹ́yìn láì wò mí. “Mú tòsì wá.” Mo fún un bí ọmọ tí a kọ́.

Ó tò ó tán, ó fi ọwọ́ yí i. Dífù le bí òkúta. Ó da epo sí i, ó le. Ó yọ bíárìn tó ń jẹ́ kí ó yí, ó tún un dè, ó tún le. Lọ́jọ́ Alámìísì, aládùúgbò wa, mẹkáníìkì òdìkejì títì, sọdá wá.

“Ṣé kí n bá yín pe tírélà náà ni?”

Bàbá mi tún da epo sí dífù náà.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, tíṣà ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, aládùúgbò náà dúró tì í. Mo gbé omi wá fún bàbá mi. Ọwọ́ òsì ni kọ́ọ̀bù wà. Kí n tó nà án sí i, mo gbà á sí ọwọ́ ọ̀tún, nítorí ọmọ tí a kọ́ kì í fi òsì fún àgbà ní nǹkan. Ìgbà náà ni mo rántí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe lọ́jọ́ tó ní kí n mú wọ́ṣà wá! Mo kó wọ́ṣà méjèèjì jọ sí ọwọ́ òsì, kí n lè rí ọwọ́ ọ̀tún fi mú ọ̀kan fún un, n kò sì mọ èyí tí mo mú mọ́.

Gbogbo wọn ló ń wò mí.

“Bàbá mi, ẹ má bínú. Mo ti ṣi àwọn wọ́ṣà yẹn pààrọ̀.”

“Kí lo wí?”

“Ẹ ní kí n mú tòsì wá. Mi ò lè fi ọwọ́ òsì fún yín.”

Aládùúgbò pàtẹ́wọ́. “Ẹ gbọ́! Ọmọ ti di ọ̀gá!”

Mo ti ń retí ìfọ́tí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni bàbá mi bú sí, ó sì gbé sípánà. Ó tú u, ó pààrọ̀ wọ́ṣà méjèèjì, ó dè é padà. Ìka méjì péré ló fi yí dífù, ó sì ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, gíábọ́ọ̀sì ti wà nínú ọkọ̀. Tíṣà wà á, ó gbé mi síwájú, a lọ títí dé ọ̀nà Adó-Àwáyè, a sì padà. Ọkọ̀ kò ké rárá. Bí a ti dé, bàbá mi kígbe sí òdìkejì títì:

“Ọ̀rẹ́ mi, tírélà náà ńkọ́?”

“Ẹ dákun, mo ti dá a padà!”

Lónìí, èmi àti bàbá mi la jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ìjàpá ti di ọ̀wọ́n. Fóònù ni àwọn ọmọ iṣẹ́ fi ń ya fọ́tò nǹkan kí wọ́n tó tú u, ìyẹn náà sì dára. Ṣùgbọ́n òfin tí bàbá mi ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn ṣì dúró: ohun tó bá jẹ́ ti apá òsì, ọwọ́ òsì ni kí n fi fún òun. Bí àlejò bá rí i, á máa wò mí bí ọmọ tí kò ní ẹ̀kọ́. N kì í sá sẹ́yìn táyà mọ́. Mo máa ń na ọwọ́ òsì mi gbọnrangandan, bàbá mi á sì gbà á.