Rédíò Bàbá Mi àti Iná Pupa Tèmi

Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ni bàbá mi ń tà ní àdúgbò Lapaz, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó há bí àpótí. Bí ẹnikẹ́ni bá mú èyí tí kò ṣiṣẹ́ wá, bàbá mi á kọ́kọ́ ki bátìrì tiwọn bọ̀ ọ́, wọn á gbé rédíò kékeré kan tó ti gbó sétí, wọn á sún rìmóòtù mọ́ ọn, wọn á sì máa tẹ bọ́tìnnì. Bí rédíò bá ń kùn, rìmóòtù yè. Bí kò bá kùn, ó ti kú nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà ń rí mi lára. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ gíga dé, ojú sì ń tì mí pé baba tó bí mi ń fi etí wá ìmọ́lẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé infurarẹ́ẹ̀dì ni rìmóòtù ń yọ, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí. Wọ́n ní ohun tí àgbà bá rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Mo ní infurarẹ́ẹ̀dì ni, àgbà náà ò rí i.

Mo wá jókòó sí yàrá wa ní Alajo, mo ṣe ẹ̀rọ tèmi. Kò le rárá: ẹ̀yà dúdú kan tó ń gba infurarẹ́ẹ̀dì, rẹsítọ̀ kan, iná pupa kékeré kan àti bátìrì. Mo fi òjé lẹ̀ wọ́n mọ́ pátákó pẹlẹbẹ. Mo ti fèrèsé, mo fa kọ́tìnì, mo tẹ rìmóòtù, iná pupa ń ṣẹ́jú. Mo ń dá fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú yàrá níbẹ̀.

Mo fi ẹ̀rọ náà han bàbá mi. Ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá ẹni tí wọ́n máa fi ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n ní àwọn á kàn jókòó máa wò mí. Mo gbé tábìlì síta gbangba, kí gbogbo Lapaz lè rí ọ̀làjú.

Oníbàárà wa kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Odawna, ìyá Yorùbá tó wá ṣe àtìpó níhìn-ín bíi tiwa, ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n ní rìmóòtù táwọn rà lọ́jọ́ Jímọ̀ ò ṣiṣẹ́. Bàbá mi nawọ́ sí rédíò, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo kọjú rìmóòtù sí ẹ̀rọ mi, mo tẹ bọ́tìnnì, iná pupa tàn yòò. Mo rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, mo ní rìmóòtù yè, tẹlifíṣọ̀n wọn ló kú, kí wọ́n lọ ra òmíràn.

Ìyá náà nawọ́ sí ẹ̀yìn rìmóòtù náà.

“Mo ti yọ bátìrì rẹ̀ sílé,” ni wọ́n wí. “Àwọn ará Lapaz máa ń fi òkú bátìrì pààrọ̀ tuntun. Baba, ọmọ yín ò mọ nǹkan kan rárá, koraa.”

Mo ṣí ẹ̀yìn rìmóòtù, òfìfo ni. Mo gbé ẹ̀rọ mi sókè láìtẹ nǹkan kan, iná pupa ṣì ń tàn. Oòrùn ni. Infurarẹ́ẹ̀dì kún inú oòrùn fọ́fọ́, mo kà á nílé ẹ̀kọ́, mo sì gbé ẹ̀rọ náà jókòó sábẹ́ oòrùn. Ọ̀mùgọ̀ tó kàwé burú ju èyí tí kò kà lọ.

Bàbá mi ki bátìrì tiwọn bọ rìmóòtù náà, wọ́n sún un mọ́ rédíò. Rédíò dákẹ́. Wọ́n fún ìyá náà ní tuntun, wọ́n bẹ̀ wọ́n dáadáa. Lẹ́yìn náà wọ́n nawọ́ sí mi. Mo rò pé ẹ̀rọ mi ni wọ́n fẹ́ wò, mo gbé e fún wọn. Wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n tún nawọ́.

Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń béèrè.