Ọjọ́ Tí Apẹja Wá Mú Ọmọ Rẹ̀ Kúrò Nílé-Ìwé

Òórùn ẹja yíyan ló máa ń kọ́kọ́ kí mi láàárọ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ìkòròdú ni mo ti máa ń wọkọ̀ wá síbi iṣẹ́, kí n sì tó dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, èéfín àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí ọ̀sà á ti wọ̀ mí láṣọ. Yàrá mi wà lẹ́yìn ilé-ìkàwé. Ó há, fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo sì kọjú sí ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń rán àwọn tí ìwé kíkà ṣòro fún wá, àwọn tí ọpọlọ wọn pé, àmọ́ tí lẹ́tà kì í dúró lójú kan fún wọn. Iṣẹ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé mi ṣe nìyẹn. Ìwọ tí o ti dúró níwájú kíláàsì rí mọ̀ wọ́n: ọmọ tó mọ ìdáhùn kó o tó bi í tán, tí á sì fi ìwé ìdánwò sílẹ̀ lófìfo bí ẹni tí kò dé ilé-ìwé rí.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tí n kò lè gbàgbé. Ọmọ Ìlàjẹ ni, láti abúlé apẹja kan. Bí mo bá ka orí ìwé kan sí i létí lẹ́ẹ̀kan, á tún un sọ fún mi bí ẹni ń sọ ìtàn ìdílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di pé kóun fúnra rẹ̀ kà á, á máa fi ìka tọ ìlà kan náà léraléra, òógùn á bo imú rẹ̀. Nígbà tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò ọdún kìíní, ó ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n wá mú òun.

"Ẹ má da ara yín láàmú, mà," ló sọ fún mi. "Olódo ni mí. Wọ́n ti ń sọ fún mi láti kékeré."

Bàbá rẹ̀ ló wá. Ọkùnrin gíga ni, oòrùn ti sun ojú rẹ̀. Aṣọ tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀, ó sì jókòó sétí àga bí ẹni tí kò fẹ́ ba nǹkan onínǹkan jẹ́. Ó ti mú àpò òfìfo wá fún ẹrù ọmọ náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbọ́ tèmi ná. Mo ṣàlàyé ohun tó ń ṣe ọmọ rẹ̀ fún un, mo ní tí ẹnì kan bá lè máa ka ìbéèrè fún un, kó sì fẹnu dáhùn, á yege.

"Ta ló ṣe é fún un?" ó béèrè.

"Kò sẹ́ni tó ṣe é, Bàbá. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀lẹ, orí rẹ̀ sì pé. Irú ìṣòro yìí máa ń wà nínú ẹbí nígbà mìíràn."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló bà á. Ó yí ojú sí fèrèsé, mo sì rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ó ní ẹ̀gbọ́n kan. Àkọ́bí mi ni. Kò sí sáàmù tí wọ́n kà ní ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní mọ̀ lórí, àmọ́ kò lè ka orúkọ ara rẹ̀. Mo nà án títí ó fi rẹ apá mi. Mo ní ó ń fi mí ṣeré ni."

Ọmọbìnrin náà, tó ti tẹrí ba nídìí ògiri láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti wọlé, gbójú sókè. Ohun tí wọ́n ti ń sọ fún un láti kékeré ni pé iṣẹ́ ló gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Kamẹrúùnù.

"Bàbá, ṣé torí ìyẹn ló fi lọ?"

"Torí ìyẹn ló fi lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tó bá ọkọ̀ àwọn apẹja lọ, olódo ni mo pè é. Èmi pẹ̀lú ẹ̀ ò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà."

Mo ti rí òbí tó bínú nínú yàrá yẹn, mo ti rí èyí tó bú mi. N kò tíì rí èyí tó sunkún bẹ́ẹ̀, láìdún rárá, tí omijé kàn ń ṣàn wọ inú irùngbọ̀n rẹ̀. Ọmọ náà lọ kúnlẹ̀ tì í. Èmi dìde, mo ti fèrèsé, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá.

Bàbá náà kò kó ẹrù kankan mọ́. Ó ká àpò rẹ̀, ó fi há abíyá, ó sì sọ fún ọmọ náà pé, "Dúró sọ́dọ̀ màmá yìí."

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àrọwà, ilé-ẹ̀kọ́ gbà kó máa fẹnu dáhùn ìdánwò, ó sì jáde pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nítòsí Ìkòròdú báyìí. Òun ló sọ fún mi pé gbogbo apẹja tó bá ń lọ sí ìhà Kamẹrúùnù ni bàbá òun máa ń dá dúró létí omi, tí á sì fi ọ̀rọ̀ kan náà rán: "Bí ẹ bá rí ọmọ mi, ẹ sọ fún un pé kì í ṣe olódo. Ẹ ní èmi ni mi ò mọ̀." Wọ́n á lọ, wọ́n á bọ̀, kò sẹ́ni tó rí i. Bàbá náà ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ka orúkọ àwọn ọmọ tó fi sáyé lọ, àlùfáà dúró níbi ti àkọ́bí, kò mọ̀ bóyá kóun kà á mọ́ àwọn alààyè. Ọmọbìnrin náà ló ní kó kà á.

Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé bí òbí bá ti mọ ohun tó ń ṣe ọmọ rẹ̀, ìtura ti dé nìyẹn. Báyìí, kí n tó ṣàlàyé ohunkóhun, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè àwọn ọmọ yòókù. Bí òbí bá yí ojú sí fèrèsé, n óò fa àga mi sún mọ́ tirẹ̀. N kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn lè ṣe fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé, nígbà tí ọmọ ti lọ.