Ọjọ́ Tí Mo Fẹnu Ara Mi Ba Ọjà Mi Jẹ́ ní Mowe

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, àmọ́ n kò lè gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n kọ́ àwa òǹkọ̀wé ní Mowe bí a ṣe ń polówó iṣẹ́ wa. Obìnrin kan tó ń tẹ ìwé jáde wá yan ìwé kan ṣoṣo. Ó gbé tèmi.

“Ìwé yìí mà dùn o, sà!”

Èmi ọmọlúàbí tẹrí ba. “Ẹ jọ̀ọ́, mà, mo kàn fi ń ṣeré ni.”

Ló bá gbé e sílẹ̀. Ó nawọ́ sí ti ẹlòmíràn.

Ìyàwó mi, tó sìn mí wá láti Ibafo, dìde fùú. “Ẹ má dá a lóhùn, mà! Ọdún mẹ́ta ni kò fi jẹ́ n gbádùn nítorí eré yẹn!”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà sì mú ìwé mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi di tíì mi mú. “Ta ló kọ ìwé yẹn?”

“Èmi ni.”

“Mi ò gbọ́!”

Mo pariwo pé èmi ni mo kọ ọ́, kó gbé tíì mi wá, débi pé aládùúgbò wa dáhùn láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì: “A ti gbọ́, Bàbá Bọ́lá! Ẹ mu tíì yín!”