Ọbẹ̀ Tí Kò Rí Iná

Ẹ̀yìn Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni Leah ń gbé. Opó ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ó ti bá ìyàwó òyìnbó míṣọ́nnárì kan dáná fún ọdún pípẹ́. Nígbà tí òyìnbó náà padà sí Amẹ́ríkà, ó fi ọ̀bẹ dáadáa kan sílẹ̀ fún un, àti ọbẹ̀ kan tí kì í rí iná.

Máńgòrò tó pọ́n ṣùgbọ́n tí kò tíì rọ̀ ni Leah máa ń bó, yóò gé e wẹ́wẹ́ bí ẹyọ àgbàdo. Yóò rẹ́ àlùbọ́sà, tòmátì àti ata rodo lé e, yóò bu iyọ̀ sí i, yóò sì fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé gbogbo rẹ̀ lórí. Òyìnbó a máa dárò ewé kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ẹfinrin ni Leah já sí i ní tirẹ̀, ó ní bí ewé òyìnbó bá bínú, kó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá. Dùǹdú ló fi ń jẹ ẹ́, nítorí ọdún 1988 ni, ìjọba ti fòfin de àlìkámà, búrẹ́dì sì ti di ohun tí à ń rí lójú àlá.

Lọ́jọ́ kan, Waliyat aládùúgbò rẹ̀, tó ń ta àlùbọ́sà ní Sábó, yọjú sí i nídìí oúnjẹ.

"Yéè! Máńgòrò pẹ̀lú ata tútù! Ìyá Fèyíkẹ́mi, ṣé kẹrosíìnì tán nílé ni?"

"Ó wà. Iná ló ń sinmi."

Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ṣọ́ọ̀ṣì Leah, ó ti di pé ẹ̀mí òyìnbó ti gùn ún, pé ẹran tútù ló ń jẹ. Ni Díákónì Ọládépò bá dìde. Òun náà ti sin ìyàwó rẹ̀, àdúrà rẹ̀ sì gùn débi pé adìyẹ lè yé, kó sàba, kó pa ẹyin, kí baba tó ṣe àmín. Ó dé lọ́sàn-án Sátidé. Obìnrin méjì tó tẹ̀ lé e dúró sí ọ̀ọ̀dẹ̀.

"Ìyá Fèyíkẹ́mi, a gbọ́ pé nǹkan tútù lẹ̀ ń jẹ."

"Ẹ̀yin náà ń jẹ ọsàn, Baba Díákónì. Ta ló ń bá yín sè é?"

Baba wúkọ́. "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Láti orí Ádámù ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Nóà, Leah ti fi dùǹdú kan bu ọbẹ̀ náà jẹ. Ó kù díẹ̀ kí Mósè la òkun kọjá nígbà tí òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ àti ẹfinrin gba imú baba. Ọ̀rọ̀ dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó dá àwọn ọmọ Ísírẹ́lì padà sí Íjíbítì, ó sì ṣe àmín wàrà.

"Kí n tọ́ ọ wò," ló wí, "kí n lè mọ ohun tí mò ń bá jà."

Ìtọ́wò di àwo kan, àwo kan di méjì. Òógùn bò ó, ó bá fi ọwọ́ ata nu ojú.

"Jésù o!"

Omijé ń dà wàràwàrà. Àwọn obìnrin tó wà lóde kúnlẹ̀ gbì. "Ẹ̀mí ti sọ̀kalẹ̀!"

"Ẹ dìde ńbẹ̀ jàre," ni Leah ké, ẹ̀rín kò jẹ́ kó rí abọ́ omi mú. "Ata rodo ni!"

Wọn ò gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jẹ́rìí sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. Baba jókòó, ojú rẹ̀ pọ́n, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ló ń wá, ó ní iṣẹ́ ìdáǹdè náà kò tíì parí. Nígbà tí máńgòrò fẹ́ẹ́ tán, ó ní kí Leah fẹ́ òun. Leah gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Kò mọ̀ pé inú òun yóò dùn tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ ṣé o. Ṣùgbọ́n mo ti se oúnjẹ ọkọ kan, mo sì ti sin ín. Ẹ máa wá jẹun, kẹ́ ẹ máa lọ sílé yín."

"Ìyẹn náà tó mi," ni baba wí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbé agbọ̀n máńgòrò wá láti oko. Leah fún un ní àpótí ní ọ̀ọ̀dẹ̀ àti ọ̀bẹ kan. Àwọn ará ìjọ tó ń kọjá yíjú wo díákónì tó ń bó máńgòrò. Ó kí wọn pé ẹ kú ọ̀sán, ó ń bó o lọ. Leah ní èèpo tó ń bó ti nípọn jù.