Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Abọ́ Nettie

Alma Trego ní bàbá òun, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ dígí, ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ abọ́ dígí náà jáde. Mo bi í pé kí ni ẹ̀rí. Kò sí òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ kankan lára rẹ̀, ewé àjàrà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára sì wà lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún abọ́ tó ti jáde láwọn ìlú etí odò Ohio yìí láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó kọ oúnjẹ.

“Fi ìka ẹ síbí.”

Nísàlẹ̀ inú abọ́, mo fọwọ́ kan ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun. Ibẹ̀ ni àlùmọ́gàjí ti gé dígí gbígbóná kó tó já sínú irin tí wọ́n fi ń mọ ọ́n.

“Ṣé kì í ṣe gbogbo abọ́ ló máa ń ní in ni, mà?”

“Gbogbo wọn ni. Ṣùgbọ́n ti eléyìí ni màmá mi mú ìka mi lé nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Kọ ìyẹn sílẹ̀.”

Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni Alma. Ó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n di ife àti àwo dígí sínú koríko gbígbẹ nílé iṣẹ́ dígí, títí wọ́n fi paná ìléru tí wọ́n sì wó òrùlé. Kò lọ́kọ. Nettie àbúrò rẹ̀ ló bímọ, òun náà ló sì gba abọ́ ìyá wọn sọ́dọ̀, nítorí ilé rẹ̀ ni ẹnu pọ̀ sí. Títì kékeré kan ló wà láàárín ilé méjèèjì.

Níhìn-ín, àgbàlagbà kì í dúró de lọ́yà. Á kọ orúkọ sórí bébà alẹ̀mọ́, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn aago tàbí abẹ́ àwo. Lọ́jọ́ tó bá kú, ẹbí á yí ẹrù dojú dé, wọ́n á ka orúkọ, ọ̀rọ̀ parí. Nettie kú lóṣù kẹta. Ohun èlò dígí mẹ́tàlélógójì ló fi sílẹ̀. Corinne ọmọ rẹ̀ ń yí wọn dé lórí tábìlì ní kíṣìnnì, èmi tí mo wá kọ̀ròyìn nípa ilé iṣẹ́ ni wọ́n ní kí n máa kọ orúkọ.

Nígbà tó yí abọ́ ńlá aléwé àjàrà náà dé, Corinne fi ìka tọ orúkọ abẹ́ rẹ̀.

“Darlene Huff,” ó ní.

Aládùúgbò tí ọgbà rẹ̀ kan ti Nettie ni Darlene. Alma ká aṣọ ìnuwọ́ tó mú dání sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin.

“Ó dáa. Ẹ pè é kó wá gbé e.”

“Àǹtí, abọ́ ìyá yín ni o.”

“Nettie ti sọ tiẹ̀. Ṣé kí n máa bá òkú jiyàn ni? Nígbà tó wà láàyè gan-an, mi ò borí ẹ̀ rí.”

Mo yẹ bébà náà wò. Funfun ni àwọn yòókù. Pupa rúsúrúsú ni eléyìí, lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi jù. Mo sọ bẹ́ẹ̀.

“Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ ẹ ní yunifásítì nìyẹn?” Alma ní. “Ṣé bébà funfun kì í tán ni?”

Corinne tẹ Darlene láago. Kò pẹ́ tó fi wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Nígbà tí Corinne sọ fún un pé òun ló ni abọ́ náà, ńṣe ló jókòó.

“Èmi? Nettie fún èmi?” Ojú rẹ̀ ti kún fún omijé. “Kò sẹ́ni tó fi nǹkan sílẹ̀ fún mi rí, àfi ọkọ mi tó fi ajá ẹ̀ sílẹ̀.”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti wọlé. Lẹ́yìn náà ló yí i dé. Ó tẹjú mọ́ abẹ́ rẹ̀ pẹ́.

“Ọwọ́ mi nìyí,” ó ní.

“Ọwọ́ ta?” Alma bi í.

“Èmi ni mo kọ ọ́. Àjíǹde èṣí, mo yá a lọ́wọ́ Nettie, mo fi gbé púdín ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ síbi oúnjẹ ìjọ. O mọ bí abọ́ ṣe ń sọnù ní kíṣìnnì ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kọ orúkọ mi sí i kí wọ́n lè dá a padà fún mi. Mo wá gbàgbé, mi ò yọ ọ́.”

Iṣẹ́ mi ni kí n má tètè gba èèyàn gbọ́. Ṣùgbọ́n ká ní ó dákẹ́ ni, abọ́ ti di tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó rọra tì í sọ́dọ̀ Alma.

“Kò sí orúkọ míì níbẹ̀,” Corinne ní. “Màmá gbà pé èyí ò nílò kíkọ ni. Tiyín ni, Àǹtí.”

Alma kò tíì fọwọ́ kan abọ́ náà.

“Púdín ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti Àjíǹde èṣí?” ó bi Darlene. “Nettie ní òun ló sè é.”

“Ó ní kí ni?”

“Ó tún kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sè é.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Alma fi ń fi aṣọ ìnuwọ́ nu ojú, mi ò sì lè sọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún. Corinne bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ha bébà náà.

“Fi í sílẹ̀,” Alma ní.

“Ṣé Mísíìsì Huff ló máa jogún ẹ̀ nìyẹn, mà?” mo bi í.

“Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin lo fẹ́ kó jogún mi? Ó máa tún yá a ni. Kí ni yóò fi gbé púdín lọ lọ́jọ́ Sunday?”

Mo ní kí n bá a gbé abọ́ náà sọdá títì. Kò gbà. Ó gbé e mọ́ àyà, Darlene sì lọ síwájú láti di géètì mú fún un.